Fíìmù Mẹ́ta tí Wọ́n Yà ní Èbúté

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Òkìtìpupa ṣe ìpàdé lórí iṣẹ́ tí ènìyàn lè yàn láàyò, wọ́n pe nọ́ọ̀sì kan, wọ́n pe ọkùnrin kan tó ń fún epo pupa tà, wọ́n sì pe èmi. Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Elépo sọ̀rọ̀, wọ́n bi í ní ìbéèrè títí ó fi jókòó. Nígbà tó kàn mí, mo ní iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe ni kí n máa wo fíìmù ní àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí n máa gé e, kí n máa so ó. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mi ò bínú. Ìyá tó bí mi pàápàá kú láìmọ ohun tí mo ń ṣe gan-an. Ohun tó máa ń sọ fún àwọn ará Ìjù-Odò ni pé ọmọ òun ń bá ìjọba rán nǹkan. Àkókò tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ náà ò tó láti ṣàlàyé, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ìyá mi ló ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe púpurú tí a ń jẹ àti èyí tí a ń tà. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjù-Odò, ọkọ̀ ìjọba kan máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti fi fíìmù hàn wá lórí aṣọ funfun: bí a ṣe ń se omi kí a tó mu ún, bí a ṣe ń tọ́jú ìwọ́ ọmọ tuntun. Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa wo aṣọ, èmi a máa wo ẹ̀rọ. Ó ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń fa ọ̀já dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé láti ìhín, ó ń ká a jọ sí ọ̀hún. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà lára ọ̀já náà.

Lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, àbúrò ìyá mi mú mi lọ sí Ìbàdàn, níbi tí ẹ̀ka kan ti ń ṣe fíìmù fún ìjọba. Bí wọ́n ṣe gbà mí ò gùn láti sọ. Wọ́n wo ìwé mi, wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Owó oṣù náà kò sọ mí di olówó, kò sì fi ebi pa mí.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lọ́wọ́ ń jẹ́ Orímisan, ọmọ Òde-Ìrèlè. Mo ti ń dúpẹ́ nínú ara mi pé ọmọ Ìkálẹ̀ bíi tèmi ni, pé á rọ̀ mí lọ́rùn. Ó fi èdè ilé kí mi láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó béèrè àwọn òbí mi, ó ní kí n jókòó. Láti ìgbà náà lọ, Yorùbá ilé ìwé ló ń bá mi sọ, bí ẹni pé ilé ẹjọ́ la wà.

Fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan fíìmù. Eruku ni mo ń nù. Ó ní kì í ṣe ọwọ̀, nítorí ọwọ̀ ń ta eruku sókè ni. Aṣọ tútù ni kí n fi nu tábìlì, kí n nu ilẹ̀, kí n nu fèrèsé, kí n sì dúró kí gbogbo rẹ̀ gbẹ. Lẹ́yìn náà ó fún mi ní ìbọ̀wọ́ funfun àti fíìmù òfìfo tí kò ní àwòrán kankan, ó ní kí n máa ká a láti orí àgbá kan sí èkejì láìjẹ́ kí ó kan ara mi. Bí ó bá rí ojú àtàǹpàkò kan ṣoṣo lórí rẹ̀, á tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, á ní kí n tún ká a. Kò nà mí rí, kò sì pariwo. Ohùn rẹ̀ a kàn tún wálẹ̀ sí i ni, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ohun tó kọ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Fíìmù kì í rìn. Àwòrán tó dúró sójú kan ni gbogbo rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Ojú wa ló ń so wọ́n pọ̀. Kámẹ́rà kan lè ya àwòrán mẹ́rìndínlógún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òmíràn á ya mẹ́rìnlélógún láàárín àkókò kan náà. Bí o bá mú èyí tí wọ́n yà ní mẹ́rìndínlógún, tí o wá fi í hàn bí ẹni pé mẹ́rìnlélógún ni, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí adìyẹ tí wọ́n lé. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ìwọ lo kán wọn lójú.

Á wá fi fíìmù kan hàn mí, á ní, mélòó ni èyí? Èmi á wo bí obìnrin kan ṣe ń gún nǹkan nínú odó, èmi á dá a lóhùn pé ó jọ pé mẹ́rìndínlógún ni. Ó kórìíra "ó jọ pé" ju eruku lọ.

Ó ní, "Ṣé ó jọ ọ́ ni àbí òun ni? Má wo ẹni tó ń gún un. Ènìyàn lè kánjú, ó sì lè ṣe ìmẹ́lẹ́. Wo ohun tó ń jábọ́. Ohun tó ń jábọ́ kì í yára nítorí ọba, kì í sì í dúró de tálákà."

Nígbà kan tí mo tún sọ pé ó jọ, ó ní kí n máa lọ sílé, kí n padà wá lọ́jọ́ tí mo bá ní ìdáhùn. Mo sunkún dé ilé. Lọ́jọ́ kejì mo wọlé kí ó tó dé, mo fi ẹ̀rọ ìwòran ọlọ́wọ́ tú fíìmù náà wò títí mo fi rí ibi tí èso kan ti jábọ́ láti orí igi lẹ́yìn obìnrin náà. Mo ka àwòrán tó wà láàárín ẹ̀ka igi àti ilẹ̀. Nígbà tó dé, mo sọ iye tó jẹ́, mo sì sọ bí mo ṣe mọ̀. Ó jókòó, ó ní kí n gbé tiì fún òun. Ìyìn tó ń fún ènìyàn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó tún kọ́ mi nípa kámẹ́rà onísípíríǹgì, èyí tí wọ́n ń yí lọ́wọ́ bí aago. Bí sípíríǹgì bá ti ń tú, ó ń rẹ̀ ẹ́. Àwòrán tó ń yà á máa dín kù díẹ̀díẹ̀, ẹni tó gbé e lọ́wọ́ kò sì ní mọ̀. Ó ní kí n má gba ohun tí wọ́n kọ sára kámẹ́rà gbọ́, nítorí orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ kọ́ ni ìwà rẹ̀.

Báyìí la ṣe bá a lọ fún ọdún púpọ̀. Fíìmù ìlera, fíìmù oko kòkó, fíìmù ìgbà tí wọ́n ń ṣí afárá tàbí ilé ìwé. Lẹ́yìn náà ni àjálù dé, kò sì dé pẹ̀lú ariwo.

Yàrá kan wà tí a ń kó gbogbo fíìmù pamọ́ sí, tí ẹ̀rọ amúlétutù gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹ̀rọ náà dákẹ́. A kọ̀wé, a rán ẹnu, wọ́n ní kí a fara balẹ̀. Òjò kan kọjá, ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá. Nígbà tí a máa fi ṣílẹ̀kùn dáadáa, òórùn kíkan kan jáde sí wa bíi ti ògì tó ti kan kọjá mímu. Fíìmù tí ó bá ti ń rùn bẹ́ẹ̀ ti ń kú. Ó ti ká jọ, ó ti sún kì, ó ń kán lọ́wọ́ bí èèpo igi. Ọ̀gá Orímisan ṣí agolo kan, ó dé e padà, ó ṣí òmíràn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ yàrá. Díẹ̀ ló ṣe é gbà là nínú wọn. Wọ́n gbẹ́ kòtò lẹ́yìn ọgbà, wọ́n kó ìyókù sínú rẹ̀, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Iṣẹ́ tí ọ̀gá mi ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ń wò tí wọ́n ń sin. Nígbà tí wọ́n parí, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó kó o sápò.

Ọdún náà kò parí tó fi padà sí Òde-Ìrèlè. Mo máa ń yà kí i bí mo bá wálé. Oko ọ̀pẹ ló ń dá. Á béèrè àwọn ọmọ, á béèrè ojú ọ̀nà, kò béèrè fíìmù rí títí ó fi kú.

Èmi dúró, nítorí mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé, wọ́n ní ká gbàgbé fíìmù. Mi ò fẹ́ràn kásẹ́ẹ̀tì. Àwòrán inú rẹ̀ kò ṣe é gbé sókè sójú oòrùn wò. Ṣùgbọ́n a kì í bá ìgbà jà. Mo kọ́ ọ, nígbà tó sì yá tí ẹ̀ka wa ò ní iṣẹ́ mọ́, mo ń bá àwọn tó ń ya ìsìnkú àti ìgbéyàwó gé tiwọn. Kọ̀ǹpútà ló kàn. Mo ti ń wọ awò ojú nígbà náà, àwọn tó kọ́ mi kéré sí àwọn ọmọ tí mo bí. Mo rí i pé ohun tí mo ń fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe, kọ̀ǹpútà ń fi wákàtí kan ṣe é. Mo tún rí i pé kò mọ mẹ́rìndínlógún yàtọ̀ sí mẹ́rìnlélógún àfi bí ènìyàn bá sọ fún un. Mo fẹ̀yìn tì, mo padà sí Òkìtìpupa, mo rò pé ó parí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan gun ọkadà wá sí ilé mi. Ebíẹrẹ ni orúkọ rẹ̀, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ọmọ ẹ̀yà Ìjọ̀ ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ìjù-Odò ni ìyá rẹ̀, torí náà ìyá rẹ̀ àti ìyá mi mọ ara wọn. Olùkọ́ kan ní fásitì tó wà ní ìlú wa ló júwe mi fún un. Olùkọ́ náà ń kó àwọn fíìmù àtijọ́ jọ, ó sì ti rí mẹ́ta kan tí kò mọ bí òun ṣe máa so wọ́n pọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ìtàn náà. Nígbà tí mo ṣì wà nílé ìwé, ọkùnrin kan wà tí gbogbo àwọn apẹja àti àgbẹ̀ ẹ̀bá omi ń tẹ̀ lé. Aṣáájú ni wọ́n ń pè é. Ó ń bá àwọn alágbára jà nítorí ilẹ̀ àti omi. Lọ́jọ́ tó dé sí èbúté ìlú rẹ̀ láti ibi ìpàdé kan, tí èrò pé bí eṣú, àwọn kan yìnbọn pa á bó ṣe ń ti inú ọkọ̀ bọ́ sórí pákó. Wọ́n sá lọ, a kò sì rí wọn mú títí di òní. Ẹni tí ìlú rí mú ni atukọ̀ tó gbé e wá, nítorí àwọn kan ní àwọn rí i tó na àjẹ̀ ìtukọ̀ rẹ̀ sókè kí ìbọn tó dún. Wọ́n ní àmì ló fi ṣe. Ìjọba tì í mọ́lé, wọ́n dá a sílẹ̀, wọn ò rí ẹ̀sùn kà sí i lọ́rùn. Ìlú ò dá a sílẹ̀ ní tiwọn. Wọ́n fọ́ ilé rẹ̀, ó sá wọ inú ẹsẹ̀ odò, ibẹ̀ ló kú sí. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin kékeré padà sí Ìjù-Odò. Atukọ̀ yìí ni bàbá Ebíẹrẹ.

Ó sọ fún mi pé lọ́dọọdún, níbi ìrántí Aṣáájú, wọ́n máa ń fi fídíò kan hàn. Nínú rẹ̀, bàbá òun á sáré kọjá, á na àjẹ̀ sókè, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni Aṣáájú á ṣubú. Àwọn èrò á pòṣé. Òun lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé òun, ẹ̀yìn èrò ni òun dúró sí, òun fi gèlè bojú.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Mi ò lè ṣèlérí nǹkan kan. Bí mo bá tú u wò tí mo rí i pé àjẹ̀ yẹn ló ṣáájú, ohun tí màá sọ nìyẹn."

Ó ní, "Bó bá jẹ́ òun ló pè wọ́n, ẹ sọ fún mi, mà. Mo ti dàgbà tó ẹni tó lè gbọ́ ọ. Àìmọ̀ ló ti sú mi."

Mo gbà.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Kò sí fíìmù kan ṣoṣo tó ní Aṣáájú àti atukọ̀ pa pọ̀ ní ojú ẹsẹ̀ yẹn. Oní-sọ́míìlì kan ló ya àkọ́kọ́ láti ẹ̀gbẹ́ bèbè. Atukọ̀ ló wà nínú rẹ̀, Aṣáájú kò sí níbẹ̀. Dókítà òyìnbó kan ló ya èkejì láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Aṣáájú ló wà nínú tirẹ̀, atukọ̀ kò sí níbẹ̀. Olùkọ́bìnrin kan ló ya ẹ̀kẹta láti inú ọkọ̀ ńlá lójú omi. Gbogbo èbúté ló hàn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn kéré bí èèrà, fíìmù rẹ̀ sì tán kí ìbọn tó dún. Kò sí èyí tó ní ohùn nínú wọn. Ẹni tó ṣe fídíò ìrántí ló mú àkọ́kọ́ àti èkejì, ó so wọ́n pọ̀ bí ẹni pé eré kan náà ni kámẹ́rà méjèèjì ń sá. Mi ò rò pé ó ní ìkà nínú. Ohun tí ìlú ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ ló rán án. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Fíìmù náà rí bẹ́ẹ̀: èyí tó bá dá nìkan sọ̀rọ̀, fi etí kejì sílẹ̀.

Olùkọ́ fásitì náà ti gbìyànjú, kò sì yàgò fún òtítọ́. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí. Bí a bá ní mẹ́rìndínlógún ni méjèèjì, àjẹ̀ ló gbéra kí Aṣáájú tó fi ọwọ́ di àyà. Ó ní òun ò fẹ́ sọ ọ́ fún Ebíẹrẹ títí ẹlòmíràn á fi bá òun wò ó. Ọmọlúwàbí ni.

Mo gbé ẹ̀rọ ìwòran ọlọ́wọ́ mi jáde láti abẹ́ ibùsùn. Mo ń wá ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù méjèèjì tí kò lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ó pẹ́ kí n tó rí i. Obìnrin kan dúró láàárín èbúté pẹ̀lú agbòòrùn funfun. Afẹ́fẹ́ fẹ́, agbòòrùn náà ṣẹ́ sókè. Bó ṣe ń bá a jà, ó fi ẹsẹ̀ gbá garawa kan, garawa náà jábọ́ láti orí pákó sínú omi. Méjèèjì hàn nínú fíìmù oní-sọ́míìlì, méjèèjì hàn nínú ti dókítà. Mo lọ wo ti olùkọ́bìnrin tó wà lójú omi. Agbòòrùn funfun kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo èbúté, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ṣẹ́.

Àkókò tó wà láàárín ìgbà tí agbòòrùn ṣẹ́ àti ìgbà tí garawa kan omi kò lè jẹ́ méjì. Afẹ́fẹ́ kan náà ni, garawa kan náà ni. Mo ka àwòrán tó wà láàárín wọn nínú ti oní-sọ́míìlì, mo ka ti dókítà. Ibi tí oní-sọ́míìlì ti ya méjì, dókítà ti ya mẹ́ta. Mo jókòó, mo tún un kà láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó jẹ́ bákan náà. Kámẹ́rà wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Mẹ́rìndínlógún ni ti oní-sọ́míìlì, mẹ́rìnlélógún ni ti dókítà. Kí ó má bàa jẹ́ pé ó kàn jọ bẹ́ẹ̀, èmi àti olùkọ́ fásitì wọ takisí lọ sí èbúté náà. Pákó ti jẹrà tán, ṣùgbọ́n àwọn òpó kọnkéré ṣì wà níbẹ̀, àmì ibi tí omi máa ń dé lásìkò náà nínú ọdún sì wà lára wọn. A fi okùn wọn bó ṣe ga tó láti ibi tí garawa ti já dé ojú omi. Iye àkókò tí ó yẹ kí garawa fi jábọ́ bá fíìmù méjèèjì mu bí mo ṣe kà wọ́n.

Nígbà tí mo wá to méjèèjì síra lórí kọ̀ǹpútà bó ṣe tọ́, láti ibi tí agbòòrùn ti ṣẹ́, Aṣáájú ti fi ọwọ́ di àyà kí àjẹ̀ atukọ̀ tó kúrò nínú omi. Àlàfo tó wà láàárín wọn kéré, kò tó kí ènìyàn mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Kámẹ́rà onísípíríǹgì sì ni ti oní-sọ́míìlì. Bó bá ti ń rẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ìparí, àjẹ̀ yẹn á tún pẹ́ sí i ni, kò lè yá sí i.

Mo rò pé mo ti parí iṣẹ́. Olùkọ́ fásitì ló ní kí n jẹ́ kí méjèèjì máa lọ síwájú. Nínú fíìmù oní-sọ́míìlì, atukọ̀ gbé àjẹ̀ sókè, ó sì fò kúrò nínú àwòrán sí apá ọ̀tún. Nínú ti dókítà, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ ní igun àwòrán lókè orí Aṣáájú tó ti ṣubú. Láti ọdún wọ̀nyí, àwọn tó ti rí i rò pé òpó àtíbàbà ni. Ṣùgbọ́n ó ń wálẹ̀, ọkùnrin kan níwájú rẹ̀ sì gbé apá sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lù. Ọkùnrin náà ló ní ìbọn lọ́wọ́. Orí àjẹ̀ ni nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn.

Ebíẹrẹ ni mo kọ́kọ́ pè. Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe rí i, láìfi iyọ̀ sí i. Ó dúpẹ́. Ohun tó ní kí n ṣe ni kí n fi hàn ọmọ Aṣáájú kí n tó fi hàn ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Aṣáájú ti di arúgbó. Wòlíì ni nínú ìjọ aláṣọ funfun kan, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí èbúté náà. A lọ bá a lọ́sàn-án, èmi, Ebíẹrẹ àti olùkọ́ fásitì. Àwọn àgbà ìlú mẹ́ta wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo fi méjèèjì hàn wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo ṣàlàyé agbòòrùn, mo ṣàlàyé garawa. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ní kọ̀ǹpútà ayé ìsinsìnyí lè mú òkú jó, kí ni mo fẹ́ kí àwọn gbà gbọ́ nínú rẹ̀. Ohun tó sọ kò burú. Mo yọ fíìmù dókítà gan-an kúrò nínú agolo, mo fún Wòlíì ní ìbọ̀wọ́, mo ní kí ó gbé e sí ojú fèrèsé, kí ó máa kà á fúnra rẹ̀.

Ó kà á. Ó ń ka ọ̀kan, á sinmi, á tún ka òmíràn. Nígbà tó dé ibi tí orí àjẹ̀ ti wọlé, ó dúró síbẹ̀ títí. Ó wá rọra gbé e kalẹ̀.

Ó ní, "Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí. Nígbà tí ìbọn dún, mo sá." Ó kọjú sí Ebíẹrẹ. "Gbogbo wa la sá. Bàbá rẹ nìkan ló lọ bá wọn."

Ebíẹrẹ fẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Wòlíì di apá rẹ̀ mú, kò jẹ́ kí orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀.

Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa pòwe pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Èmi ò pa á lọ́jọ́ náà. Atukọ̀ ti kú, ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn tó fọ́ ilé wọn pàápàá ti kú tán. Wọn ò fi fídíò yẹn hàn mọ́ níbi ìrántí. Ìlú ní kí ìdílé Ebíẹrẹ padà wá gba ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n omi ti jẹ ilẹ̀ náà lọ tipẹ́. Àgbà tó sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò tíì gbà títí di òní. Bó bá rí mi lọ́jà, á kí mi dáadáa, á kọjá. Ọmọ tó bá fẹ́ yan iṣẹ́ yìí, kí ó mọ èyí náà. A kì í mú gbogbo ènìyàn gbà.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Ebíẹrẹ tún wá sí ilé mi. Ó ní òun ò wá nítorí ìbọn mọ́. Ó ní ṣé ibì kan wà nínú fíìmù náà tí wàhálà kò tíì dé, tí bàbá òun wà. Mo ní ó wà. Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù oní-sọ́míìlì ni. Mo fi sí i fún un bí wọ́n ṣe yà á, ní mẹ́rìndínlógún. Atukọ̀ so okùn ọkọ̀ mọ́ òpó. Ó fi aṣọ nu ojú. Ó rìn lọ sí ìdí pákó, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó dúró dáadáa fún ẹni tó fẹ́ gùn ún, ó sì rọra fa ẹsẹ̀ rìn padà.

Ebíẹrẹ sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Nínú fídíò ìrántí, eré olè ló mọ bàbá rẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Ṣé bó ṣe máa ń rìn nìyí?"

Mo ní, "Bó ṣe máa ń rìn gan-an nìyí."

Ó tún wò ó. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi etí gèlè nu ojú.

Ó ní, "Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílé ọkọ, wọ́n máa ń bú mi pé ẹsẹ̀ mi ti fà jù, pé ta ni mo jọ."